Aago Rọ́ṣíà Tí Ọlálérè Àjàmú Fi Sílẹ̀

Ọdún mẹ́ta rèé, Ọlálérè, tí o bọ́ aago ọwọ́ rẹ lé orí àpótí aṣọ, tí o ní kí ìyàwó rẹ bá ọ yí i bí ilẹ̀ bá mọ́, kó má bàa dákẹ́. Ilẹ̀ mọ́. Ó yí i. Ìwọ ni o kò jí.

Àjàmú ọmọ Ìkirè! Àjàmú arìnjẹ́ẹ́ bí òjò òwúrọ̀, ilẹ̀ ti tutù kí onílé tó mọ̀! Ẹni tí í gbé àpò sìmẹ́ǹtì bí ẹni gbé ọmọ, tí í gbé ọmọ bí ẹni gbé ẹyin! Àwa ẹ̀gbọ́n rẹ, ìyá rẹ, ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ rẹ ni à ń pè ọ́. A kò bá Ọlọ́run ṣe ẹjọ́. Amọ̀kòkò ni, òun ló mọ ọjọ́ tí ìkòkò rẹ̀ yóò fọ́. Ṣùgbọ́n ojú wa ń wá ọ. Ọdún mẹ́ta, ojú wa kò tíì yé wá ọ!

Fetí sílẹ̀, ká ròyìn ilé fún ọ.

Ilé Òkè-Àfà ti dúró. Ìpìlẹ̀ tí o fi sílẹ̀, tí koríko bò, tí alángbá ń sáré lórí rẹ̀ bíi pé àwọn ló ra ilẹ̀, ti di yàrá méjì àti pálọ̀. Páànù ti wà lórí rẹ̀! Ṣé o rántí ọdún tí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì tò lọ bẹẹrẹ lójú òkun Àpápá, tó dà bíi pé sìmẹ́ǹtì gbogbo ayé ló wá kí Nàìjíríà? Ìwọ tí ò ń já a lójoojúmọ́, tí eruku rẹ̀ sọ irun orí rẹ di ti arúgbó, o kò rí èyí tí yóò gbé ògiri tìrẹ dé ojú fèrèsé. Wọ́n ní a kì í gbé ẹ̀bá odò ká máa fi itọ́ fọ ojú. Ìwọ gbé e, o fi itọ́ fọ ojú, o kò sì ráhùn. Wá wo ilé rẹ, Àjàmú. Ó ti dúró.

Ọlọ́runṣògo, àkọ́bí rẹ, ti ń ka Bíbélì fún Màámi, ìyá rẹ, láìkọsẹ̀. Bó bá dé ibi orúkọ tó gùn, á tẹ́ ẹnu rẹ̀ síwájú bí ìwọ náà ti máa ń ṣe, Màámi á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Adébímpé ìyàwó rẹ kò jẹ́ kí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ dákẹ́. Inú yàrá tí ẹ rẹ́ǹtì ní Ìsọlọ̀ náà ló ṣì wà, lójú fèrèsé, tó ń rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà iléeṣẹ́. Fèrè á dún, wọ́n á wọlé. Fèrè á tún dún, wọ́n á jáde. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ kì í kúrò lórí máṣíìnì.

Olúfọlákẹ́ ńkọ́? Ọmọ tí o fi sínú oyún lọ, tí o kò mọ̀ bóyá akọ ni bóyá abo. Abo ni, Ọlálérè! Iwájú orí rẹ ló gbé wá, àfi bí ẹni gé e lára rẹ. Ṣògo ti fi fọ́tò rẹ tó wà lára ògiri hàn án pé bàbá àwọn nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wá dúró sábẹ́ fọ́tò náà, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀." Ó dúró. Ó tún ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀ o!" Ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, wọn ò dá mi lóhùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Adébímpé lára ju ọjọ́ tí wọ́n sin ọ́ lọ. Nítorí ó mọ ohun tí ẹlòmíràn kò mọ̀: ọmọ yìí ti gbọ́ ọ rí. Nígbà oyún rẹ̀, bí ẹ bá ti dùbúlẹ̀, o máa ń gbé ọwọ́ òsì rẹ lé ikùn ìyàwó rẹ, o a sì sùn lọ bẹ́ẹ̀, aago náà lórí ọmọ, kẹ́-kẹ́-kẹ́. Bí o bá gbé ọwọ́ kúrò, ọmọ inú á gbéra, á máa fi ẹsẹ̀ wá a kiri. Ohun kan ṣoṣo tí ìwọ àti ọmọ yìí jọ ní láyé nìyẹn, ìró aago kan. Aago náà sì ti dákẹ́.

Ta ni kò mọ aago Rọ́ṣíà Àjàmú? Atukọ̀ òyìnbó Rọ́ṣíà kan ló fún ọ. Ọkọ̀ wọn ti dúró lójú omi títí èso àti ẹ̀fọ́ fi tán nínú rẹ̀, o sì ra ọsàn àti ata rodo ní Òṣòdì, o gbé e lọ fún un láìtọrọ nǹkan kan. Ọjọ́ tí ọkọ̀ wọn ń lọ, ó bọ́ aago ọwọ́ ara rẹ̀, ó dè é mọ́ ọ lọ́wọ́. Ó sọ̀rọ̀ tí o kò gbọ́, o dá a lóhùn ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́, ẹ sì dì mọ́ra. Lójú aago náà, lẹ́tà kan wà tó dà bíi N, tó kọ ẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ọmọ tó ń bínú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní wáàfù Àpápá a máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́: "Àjàmú, Rọ́ṣíà ni aago ẹ ń sọ, ṣé o ń gbọ́ ọ?" Ìwọ a ní, "Tó bá ti dé Ìsọlọ̀, Yorùbá ló ń sọ."

Àgò rẹ náà ńkọ́? Bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, o kì í dédé ti ilẹ̀kùn. Èékánná lo fi ń kàn án, kẹ́-kẹ́, o a ní, "Àgò onílé o." Adébímpé á dáhùn nínú ilé, "Àgò yà." Sàfúrátù, ìyàwó onílé yín, kò lè gba èyí mọ́ra. "Bàbá Ṣògo, o ń sanwó yàrá, o tún ń tọrọ ààyè? Àbí o rẹ́ǹtì ìyàwó náà mọ́ ọn ni?" Ìwọ a rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹni tó bá ké àgò, àlàáfíà ló ń ṣíwájú ẹ̀ wọlé."

Láti ọjọ́ tí o ti lọ, Adébímpé kò sọ "àgò yà" fún ẹnikẹ́ni. Bí àlejò bá ké àgò, á ní, "Ẹ wọlé." Ìyẹn nìkan. Ọ̀rọ̀ kejì, tìrẹ ni.

Ọlálérè, jẹ́ ká sọ bí aago náà ṣe dákẹ́. Kì í ṣe àìbìkítà. Adébímpé ń yí i láràárọ̀ gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí. Bó bá sì ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, tó ti fi òróró tí àwọn àgbà ìjọ gbàdúrà sí kan Ṣògo níwájú orí, tó kan Fọlákẹ́, á kan aago náà. Á jẹ́ kí díẹ̀ kán sí ìdí orí kékeré tí a fi ń yí i, á ní, "Olúwa, má jẹ́ kí eléyìí kú." Láràárọ̀! Láràárọ̀! Nígbà tí ọyẹ́ ọdún yìí mú, ó yí i, kò dún. Ó gbé e sí etí, ó dà bí ìgbà tí èèyàn gbé etí sí ògiri ilé tí wọ́n ti kó kúrò.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Gàfárù, ẹni tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Òṣòdì. Gàfárù wò ó lójú, kò tilẹ̀ ṣí i.

"Ha! Ìyá Ṣògo, aago Rọ́ṣíà! Ta ni yóò bá yín lọ wá ẹ̀yà ara ẹ̀ ní Mọ́síkò? Ẹ wò ó, ayé ti là, owó epo rọ̀bì ń ṣàn. Ẹ jù ú nù, kẹ́ ẹ ra aago Séíkò. Ó ń tàn nínú òkùnkùn!"

"Gàfárù, bí ikọ́ bá ń ṣe ìyá ẹ, ṣé wàá jù wọ́n nù, kó o lọ ra èyí tó ń tàn nínú òkùnkùn?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n di ara wọn mú. Gàfárù náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò gbà á. Adébímpé so aago náà mọ́ etí ìró rẹ̀, ó padà sílé.

Ayé tí a wà yìí, Àjàmú, ayé "jù ú nù, ra tuntun" ni. Rédíò á sọ̀rọ̀ hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́, wọ́n á gbé e sí ẹ̀yìnkùlé. Àga ẹsẹ̀ rẹ̀ á yẹ̀, wọ́n á fi dá iná. Ìyàwó rẹ kò bá wọn lọ. Ó ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òun fúnra òun ni yóò ṣí i.

Màámi ti dé láti Ìkirè nítorí ìrántí rẹ. Ní ọ̀sán Sátidé kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń kọ́ Fọlákẹ́ ní ìwà ọmọlúàbí. Á jáde síta, á kan ilẹ̀kùn, á ní, "Àgò onílé o." Ọmọ á sáré dáhùn pé, "Àgò yà o!" Ẹ̀rín á pa àwọn méjèèjì, wọ́n á tún un ṣe. Adébímpé ń gbọ́ wọn nínú yàrá, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí máṣíìnì, ó gbé aago lé e, ó sì fi ẹnu ọ̀bẹ wá ààyè lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń rọra tì í, ó ń rọra tì í, ẹ̀yìn aago fò bí ìdérí.

Áà, Ọlálérè, ṣé o mọ ohun tí ò ń dè mọ́ ọwọ́ kiri? Ìlú kan ni! Àwọn kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ tó fi eyín gbá ara wọn mú, àwọn òkúta pupa bí ojú ẹyẹlé, wáyà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun ọmọ tuntun lọ, tó ká ara rẹ̀ jọ bí ìkarahun ìgbín. Oòrùn ẹ̀yìn òjò gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń dán lórí gbogbo wọn. Ìyàwó rẹ wò ó títí, ó wá dà bíi pé òun gan-an ló ń rìn nínú ìlú náà, láti àdúgbò dé àdúgbò, tó ń wojú ilé, tó ń wá ẹnì kan tí wọ́n ní ó kó lọ síbẹ̀.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ tú èèrà, á rí ìfun rẹ̀. Ó rí i. Wáyà tó ká jọ yẹn, ó yẹ kó máa ṣí kó máa pa dé bí àyà ẹni tó ń mí. Ṣùgbọ́n ó ti lẹ̀ mọ́ra. Ohun kan tó dì bí oje igi ló lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ó fi orí abẹ́rẹ́ kàn án, ó gbé e sí imú.

Òórùn òróró àdúrà ni.

Òun ni! Òun fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìfẹ́, láàárọ̀ lẹ́yìn àárọ̀, ló fi àdúrà dí aago lọ́nà ọ̀fun.

Aránṣọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún máṣíìnì tí òróró àtijọ́ ti dì nínú rẹ̀. Pẹtiróòlù ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Ó bu díẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ Sàfúrátù tó ní alùpùpù, ó dà á sínú àwo pẹrẹsẹ. Ọwọ́ rẹ̀ kò lọ mọ́. Ta ní í fi pẹtiróòlù fọ àdúrà? Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó ti ń bẹ Ọlọ́run nítorí rẹ wà nínú aago yẹn, ó ti dì síbẹ̀. Bó bá fọ̀ ọ́, ṣé kò ní dà bíi pé ìwọ gan-an ló fọ̀ dànù? Bí kò bá sì fọ̀ ọ́, ọmọ yóò máa kúnlẹ̀ kí fọ́tò láràárọ̀, fọ́tò kò sì ní dáhùn láéláé. Ó jókòó ti àwo náà. Omi ojú rẹ̀ ń kán sórí aṣọ funfun.

Màámi wọlé. "Ìyàwó, kí lo gbé kalẹ̀ tí o ń sunkún sí?"

Adébímpé kúnlẹ̀, ó ròyìn gbogbo rẹ̀. "Màámi, òróró mímọ́ ni. Mi ò lè fọ̀ ọ́. Mi ò sì lè fi í sílẹ̀."

Màámi gbọ́ ọ tán. Ẹ̀rín ló bú sí! Ẹ̀rín tí omi ojú wà nínú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ọlálérè tó o wí yẹn, ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ tí wọ́n ta òróró sí i lórí, ṣé n kò wẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni? Ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn ni mo fi wẹ̀ ẹ́, ó ké títí gbogbo agboolé fi ní mo fẹ́ pa á. Ṣé ìbùkún bá omi lọ? Adébímpé, àdúrà ti gòkè lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Òróró ló kù nílẹ̀. Gbé àwo yẹn wá, ká wẹ ọmọ mi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wẹ̀ ọ́, Àjàmú. Ìyàwó rẹ ń rẹ ìyẹ́ adìẹ sínú pẹtiróòlù, ó ń rọra fi pa á lára, ó ń fi orí aṣọ gbà á. Ìyá rẹ jókòó tì í, ó ń kì ọ́ bí ìyá ti ń ki ọmọ jòjòló nínú agbada omi: "Àjàmú, na ọwọ́ kí n bu omi sí i. Àjàmú, gbé àgbọ̀n sókè. Ọmọ afẹ̀sọ̀gbẹ́rù, ẹrù kò fọ́. Ọmọ aké-àgò-kó-tó-wọlé, ojú kò tì í lọ́dọ̀ onílé." Òróró náà ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń ká kúrò bí ìkùukùu òwúrọ̀ lórí odò. Pẹtiróòlù ṣí díẹ̀ lára ọ̀dà ojú aago pẹ̀lú. Lẹ́tà tó kọ ẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹn ti ṣá, ojú ni a fi ń wá a báyìí. Má bínú.

Wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé kó gbẹ. Adébímpé wá ki orí abẹ́rẹ́ bọ òróró máṣíìnì, ó fi kan ìdí àwọn kẹ̀kẹ́ náà, bí ẹni ń fi tìróò sójú ọmọ. Ó pa ẹ̀yìn rẹ̀ dé. Ó yí i.

Kò dún.

Gbogbo wa ti pé jọ sínú yàrá. Ó gbé e sí etí, ó gbé e kúrò. Sàfúrátù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní, "Ìyá Ṣògo, pẹ̀lẹ́. O ti gbìyànjú." Adébímpé gbé aago náà lé orí aṣọ funfun, ó kọ ojú sí ògiri. Ó wí fún ara rẹ̀ nínú pé, ó parí. Ọmọ mi kò ní gbọ́ ọ.

Fọlákẹ́ ló na ọwọ́ sí i. Ó gbé e, ó sì mì ín bí ẹni ń mi ṣaworo. Gbogbo wa ké lẹ́ẹ̀kan náà: "Rọra o!"

Ọmọ náà dúró gbagidi. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé aago sí etí. Àwa kò gbọ́ nǹkan kan, òun nìkan ló ń gbọ́. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó gbọ́ ohùn tó mọ̀ rí, tí kò rántí ibi tó ti mọ̀ ọ́n. Níta, omi òjò ṣì ń kán láti ara páànù, ọ̀kan, ọ̀kan.

"Màmá," ó ní, "ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn."

Kí ìyá rẹ̀ tó lanu, ó ti gbé aago sún mọ́ ẹnu, ó sì dáhùn gẹ́gẹ́ bí Màámi ṣe kọ́ ọ:

"Àgò yà o!"

Ọlálérè! Ìyàwó rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gba aago náà lọ́wọ́ ọmọ, ó gbé e sí etí tirẹ̀, ó di ojú. Kẹ́-kẹ́-kẹ́. Ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí kò sọ láti ọjọ́ tí o ti lọ, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, bí ìgbà tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé tí ọmọ ń sùn: "Àgò yà, Bàbá Ṣògo."

Aago rẹ ń rìn. Kì í bá fèrè iléeṣẹ́ dọ́gba, ẹ̀yìn ló máa ń wà, ìwọ náà kì í sì í yára. Gàfárù gbọ́, ó ní ká gbé e wá kí òun wò ó. A ní kó máa wo Séíkò. Láràárọ̀, bí Fọlákẹ́ bá ti kí fọ́tò rẹ tán, á gbé aago sí etí, á ní, "Wọ́n ti dáhùn." Ìyá rẹ̀ ṣì ń ta òróró o! Ó ń kan àwọn ọmọ lórí, ó ń kan aago náà. Ṣùgbọ́n awọ tí a fi ń dè é ló ń kàn báyìí. Kì í dé ìdí ẹ̀rọ mọ́.

Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. A mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni a ó fi rọ́pò rẹ, Àjàmú? Ìyá rẹ ń pè ọ́ nínú orin. Ṣògo ń pè ọ́ nínú ìwé kíkà. Adébímpé kò ní kí o padà wá, nítorí ó mọ ẹni tí o lọ bá. Ó kàn ní ká sọ fún ọ pé oṣù tó ń bọ̀ ni a ó kó lọ sí Òkè-Àfà, àti pé kí ẹrù kankan tó wọlé, ìṣó kan ni yóò kọ́kọ́ kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni aago rẹ yóò rọ̀ sí. Ìwọ ni yóò kọ́kọ́ ké àgò nínú ilé tí o fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Sinmi ní oókan àyà Olúwa, ọmọ Ìkirè, arìnjẹ́ẹ́ bí òjò òwúrọ̀. Ìfẹ́ rẹ kò kúrò lọ́kàn wa, kò sì ní kúrò. Bí o bá ti ń kan ilẹ̀kùn wa, ẹnì kan yóò máa wà nínú ilé tí yóò dá ọ lóhùn.

Àgò yà, Ọlálérè. Àgò yà.